Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Ó Yẹ Kí Síríìsì Tẹlifíṣàn Fẹ̀ Bíi Ti Sinimá?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé fún abala yìí ló dá lórí ọ̀já dúdú tó máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán nínú àwọn síríìsì tuntun. Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, bí a bá kọ 16:9, ohun tí à ń sọ ni pé bí ìbú àwòrán bá jẹ́ 16, gíga rẹ̀ á jẹ́ 9. Àwọn onífíìmù a máa fi gíga pín ìbú kó lè di nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí 16:9 fi ń jẹ́ 1.78. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń tóbi ni àwòrán ṣe ń fẹ̀. Tẹlifíṣàn àtijọ́ jẹ́ 4:3, ìyẹn 1.33. Sinimá ní 1.85 àti 2.39. Ọ̀pọ̀ síríìsì orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí wà ní 2:1.

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣàn 43 íńṣì. Tí mo bá ń wo àwọn síríìsì kan, àwòrán kì í kún ojú rẹ̀. Dúdú á wà lókè, dúdú á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mi gbé e kọ́ ní kí n máa tẹ zoom lórí rìmóòtù. Ṣé ẹ̀rọ náà ló níṣòro ni? Ṣé dúdú yẹn sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́?
Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yín. Ojú tẹlifíṣàn òde òní jẹ́ 16:9. Àwòrán tó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dín ní gíga kí ìbú rẹ̀ tó lè wọlé. Ojú tẹlifíṣàn 43 íńṣì fẹ̀ tó nǹkan bíi 95 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ga tó 53.5. Àwòrán 2:1 máa lo 47.6 nínú gíga yẹn. Àwòrán 2.39 kò ní lò ju 39.8 lọ, gíga tẹlifíṣàn 32 íńṣì sì gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá ya ojú òṣèré kún àwòrán látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ san owó 43, ẹ sì ń rí ojú náà bí ẹni ń wo 32.

Ẹ má tẹ zoom. Bí zoom bá fẹ́ fi àwòrán 2.39 kún ojú 16:9, á gé nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lápá òsì, á gé irú ẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹni tó dúró sí etí àwòrán á di ìdajì. Nígbà míì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an lẹ ò ní rí mọ́. Èyí tó burú jù ni ètò tó ń fa àwòrán gùn, tí orí gbogbo èèyàn á wá gùn gbọọrọ. Ẹ lọ sí ètò àwòrán lórí rìmóòtù yín, kí ẹ yan 16:9, kí ẹ wá tan Just Scan bó bá jẹ́ LG, tàbí Fit to Screen bó bá jẹ́ Samsung. Èyí á jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣíwọ́ gígé etí àwòrán, nítorí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn a máa gé etí díẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀já dúdú lè ba ojú tẹlifíṣàn jẹ́. Lórí LCD àti LED, rárá. Lórí OLED, ìyẹn oríṣi tẹlifíṣàn tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ojú rẹ̀ ń tan iná fúnra rẹ̀, ibi tó dúdú kò ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ibi tó kù ló ń gbó. Ìyàtọ̀ náà kò lè hàn àfi bí ẹ bá ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí wo ohun tó ní ọ̀já lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ayàwòrán, ó ní síríìsì tí kò bá fẹ̀ bíi fíìmù ilé sinimá, eré ọmọdé ni. Èmi ní ohun tí a ń wò nílé yẹ kó kún ojú tẹlifíṣàn. Ta ló jàre?
Òǹkàwé kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ̀gbọ́n yín náà sì jàre ní ibì kan. Ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Nígbà tí tẹlifíṣàn ń gba èrò kúrò ní ilé sinimá ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Fox gbé CinemaScope jáde lọ́dún 1953, àwòrán tó fẹ̀ gan-an. Nínú ilé sinimá, wọ́n á ṣí aṣọ ìkélé sí ẹ̀gbẹ́, àwòrán á fẹ̀ sí i, gíga rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà. Fífẹ̀ níbẹ̀ túmọ̀ sí títóbi. Nínú pálọ̀ kò sí aṣọ ìkélé tí a lè ṣí. Ìbú tẹlifíṣàn ti wà lójú kan látilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí náà bí àwòrán bá ṣe ń fẹ̀ sí i ló ṣe ń kéré sí i. Ohun tó sọ fíìmù di ńlá nílé sinimá ló ń sọ ọ́ di kékeré nílé wa. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé fífẹ̀ lásán ló ń mú kí síríìsì dà bíi sinimá, ibí yìí ló ti ṣì í.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, 4:3 ni tẹlifíṣàn káàkiri ayé. Ní àwọn ọdún 1980, ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà, Kerns Powers, ya oríṣiríṣi ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nígbà yẹn sórí ara wọn, gbogbo wọn ní ààyè kan náà. Ó rí i pé àpótí kan tó jẹ́ nǹkan bíi 1.77 lè gba gbogbo wọn sínú, àti pé inú gbogbo wọn náà lè gba àpótí kékeré tó ní ìwọ̀n kan náà. Ibẹ̀ ni 16:9 ti wá. Ìwọ̀n àárín ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ na ẹnikẹ́ni ní nǹkan púpọ̀. Lọ́dún 1998 ni Vittorio Storaro, ayàwòrán ará Ítálì, dábàá 2:1 kí sinimá àti tẹlifíṣàn lè máa lo ìwọ̀n kan ṣoṣo. Síríìsì House of Cards lò ó lórí Netflix lọ́dún 2013, Stranger Things tẹ̀ lé e lọ́dún 2016. The Mandalorian tiẹ̀ lọ dé 2.39 lọ́dún 2019.

Lójú tiwa, 2:1 ni kí síríìsì fẹ̀ mọ. Ọ̀já dúdú rẹ̀ ń gba ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ojú tẹlifíṣàn, nígbà tí ti 2.39 ń gba ìdá 25 àti ààbọ̀. Lórí fóònù, èrè ló jẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù báyìí ní píksẹ́lì (àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 2400 ní ìbú àti 1080 ní gíga. Àwòrán 16:9 á lo 1920 níbẹ̀, á fi 240 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan; 2:1 á lo 2160, á fi 120 péré sílẹ̀. Òǹwòran kan náà tó bá ń wo eré yín lórí fóònù nínú ọkọ̀, tó tún wò ó lórí tẹlifíṣàn nílé, kò ní pàdánù púpọ̀ ní ibì kankan.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn eré Yorùbá fẹ́ fi hàn. Ìyàwó tó wé gèlè, láti èjìká dé ṣóńṣó gèlè lè tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hàn, àwòrán 16:9 á fi nǹkan bíi 107 sẹ̀ǹtímítà hàn ní ìbú, 2.39 á fi 143 hàn. Sẹ̀ǹtímítà 36 tó lé yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i: ògiri tó mọ́, àga, kọ́tìnì. Iná tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ yàrá tí a ń yá ya eré kì í fẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ojú ìyàwó náà á kéré ní ìdá kan nínú mẹ́rin lórí tẹlifíṣàn. Bí olùdarí bá sọ pé òun ò gbà, tó sún kámẹ́rà mọ́ ọn, gèlè ló máa gé. A ti ń rí gèlè tí wọ́n gé láàárín nínú síríìsì tó dára ní gbogbo ọ̀nà mìíràn, ó sì ń dùn wá, nítorí aṣọ yẹn wà lára ohun tí eré ń sọ nípa ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ìkúnlẹ̀ náà ń fẹ́ gíga: ọmọ wà nílẹ̀, òbí dúró tòun ti fìlà, ojú méjèèjì sì gbọ́dọ̀ hàn pa pọ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti jàre ni ìdọ̀bálẹ̀. Bí ẹni kan bá nà gbalaja síwájú ọba, tí kámẹ́rà wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwòrán fífẹ̀ gbà á dáadáa, ó sì jẹ́ kí a rí bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàárín ẹni tó dọ̀bálẹ̀ àti orí ìtẹ́. Ìlà àwọn ẹlẹ́ṣin níbi Òjúde Ọba, odò, ọjà ní òwúrọ̀, gbogbo ìyẹn ń fẹ́ ìbú. Eré tó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ gbé lọ sí ilé sinimá, kó lo 2.39. Eré tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń jókòó sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ fún ìdajì wákàtí kò nílò rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́ta la fẹ́ ya síríìsì fún YouTube ní 2:1. Kámẹ́rà wa ń ya 4K (píksẹ́lì 3840 ní ìbú, 2160 ní gíga) ní 16:9 nìkan. Ẹni kan ní ká kàn lẹ àwòrán ọ̀já dúdú mọ́ ọn nígbà tí a bá ń ṣe ẹ́díìtì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Àwọn òǹkàwé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ìwọ̀n kí ẹ tó ya, kí ẹ sì gé àwòrán náà ní tòótọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń yà, ẹ tan ìlà ìtọ́sọ́nà 2:1 nínú kámẹ́rà. Bí kò bá ní in, ẹ lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú mọ́nítọ̀. Ìwọ̀n téèpù lókè àti nísàlẹ̀ jẹ́ ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún gíga àwòrán. Lórí mọ́nítọ̀ 7 íńṣì tó jẹ́ 16:9, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 5. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ 7 íńṣì jẹ́ 1920 sí 1200 (ìbú 1920, gíga 1200), tó túmọ̀ sí pé àwòrán kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò kún ojú rẹ̀. Etí àwòrán ni kí ẹ ti wọn téèpù, ẹ má ti etí mọ́nítọ̀ wọ̀n ọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí máìkì wọ inú 16:9 rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa gé ibẹ̀ dànù. Bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan bá ra eré náà lẹ́yìn ọdún méjì, tó ní òun fẹ́ 16:9 tó kún, máìkì yẹn á jáde. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀: 4K ga ní píksẹ́lì 2160, ẹ ó lo 1920, ẹ ṣì ní 240 tí ẹ fi lè gbé àwòrán sókè tàbí sísàlẹ̀ bí orí ẹnì kan bá fẹ́ gé.

Níbi ẹ́díìtì, ẹ ṣe timeline yín, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń to àwòrán pọ̀, ní 3840 sí 1920. Bó bá jẹ́ DaVinci Resolve ni ètò tí ẹ fi ń ṣe ẹ́díìtì, ẹ yan Custom, kí ẹ sì fi Mismatched Resolution sí Scale full frame with crop. Bó bá jẹ́ Premiere ni, ẹ yí Frame Size padà nínú Sequence Settings. Ìbú kò yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà, nítorí náà kò sí pé ẹ ń fa nǹkan kan. Fáìlì 3840 sí 1920 yẹn gan-an ni kí ẹ gbé sórí YouTube.

Ìdí tí ọ̀já àlẹ̀mọ́ fi burú nìyí. YouTube kò mọ̀ pé dúdú yẹn kì í ṣe ara àwòrán. Lórí fóònù 2400 sí 1080 tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, á fi dúdú tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tiyín á sì wà lókè àti nísàlẹ̀. Eré yín á wá dúró láàárín bíi fọ́tò nínú férémù: 1920 sí 960, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 2160 sí 1080. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán yín ló lọ lásán.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ló máa ń béèrè 1920 sí 1080 pẹ̀lú ọ̀já nínú fáìlì. Fún wọn, ẹ lo timeline 1920 sí 1080, kí ẹ lọ sí Output Blanking nínú Resolve, kí ẹ yan 2.00. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan á jẹ́ píksẹ́lì 60. Bó bá jẹ́ 2.39 ni, á jẹ́ 138.

Ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń wà lábẹ́ eré Yorùbá ń fẹ́ àkíyèsí. Ẹ má kọ ọ́ sínú ọ̀já dúdú, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá tẹ zoom, ó ti lọ. Inú àwòrán ni kó wà. Ìlà méjì ọ̀rọ̀ tó ga tó píksẹ́lì 120 ń gba ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán 16:9 lórí 1080, nínú 2.39 ó ń gba ìdá 15, ó sì sábà máa ń bo ẹnu òṣèré tàbí ọwọ́ rẹ̀. Fún YouTube, ẹ gbé ìtumọ̀ náà sókè bíi fáìlì SRT (fáìlì ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ àti àkókò tó máa hàn) lọ́tọ̀, òǹwòran á lè tan án tàbí kó pa á.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n ra lẹ́ǹsì anamorphic 1.33x kí síríìsì mi lè rí bíi ti Hollywood. Ṣé owó yẹn tọ́ sí i?
Òǹkàwé kan, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Fún síríìsì, rárá. Lẹ́ǹsì yẹn ń fún àwòrán pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí 1.33x bá wà lórí kámẹ́rà 16:9, ohun tó máa jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2.36. Bí ẹ bá fẹ́ 2:1, ẹ máa gé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú tí ẹ torí ẹ̀ ra lẹ́ǹsì. Èyí tó bá 2:1 mu ni 1.5x lórí kámẹ́rà tó ń ya 4:3, bíi Panasonic GH5, tó ní ètò 3328 sí 2496 fún iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá ti ní in lọ́wọ́, ohun mẹ́ta ló sábà ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́, ẹ́dítọ̀ lè gbàgbé láti tú àwòrán, gbogbo èèyàn á sì tẹ́ẹ́rẹ́: ní Premiere, ẹ lọ sí Interpret Footage, kí ẹ yan HD Anamorphic 1080 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.333. Èkejì, púpọ̀ nínú lẹ́ǹsì wọ̀nyí kì í mọ́ bí òṣèré bá sún mọ́ ọn jù, ẹ ó tún ra gíláàsì diopter tí a ń so síwájú lẹ́ǹsì. Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá dúró sí etí àwòrán lè wú tàbí kó tẹ̀. Ẹ fi owó náà ra máìkì tó dáa àti iná méjì. Òǹwòran á gbọ́ ìyẹn, á sì rí i, nínú gbogbo ìran.

Ìbéèrè: Mo ń gbé àwọn fíìmù àgbéléwò àtijọ́ tí ẹbí mi ní ẹ̀tọ́ sí sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti orí kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ṣé kí n sọ wọ́n di fífẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè wò ó?
Òǹkàwé kan, London

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní 4:3. Bí ẹ bá fà á kún 16:9, ojú gbogbo òṣèré á fẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá gé òkè àti ìsàlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán ti lọ, gèlè á lọ, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ náà á lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti kàgbákò níbẹ̀. Disney+ gé àwọn ìpín àtijọ́ The Simpsons lọ́dún 2019, àwọn ẹ̀fẹ̀ kan sì pòórá nínú àwòrán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni wọ́n dá 4:3 padà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Nígbà tí Seinfeld dé Netflix lọ́dún 2021, kòtò ojú títì tí odindi ìpín kan dá lé lórí bọ́ sẹ́yìn etí àwòrán.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ gba kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní PAL, ìlànà tẹlifíṣàn tí Nàìjíríà ń lò, 720 sí 576. Àwòrán VHS tó jẹ́ PAL jẹ́ ìlà aláàbọ̀-aláàbọ̀ (interlaced), 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u sí àwòrán 50 tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí ẹni tó bá ń rìn á dà bí eyín ìyarun. Ẹ lo FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, pẹ̀lú àṣẹ yìí: -vf "yadif=1,scale=1440:1080,setsar=1". Ohun tó máa jáde jẹ́ 1440 sí 1080, 4:3 gan-an. Ẹ má fi dúdú kankan sí ẹ̀gbẹ́, YouTube á ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tó ń jó nísàlẹ̀ pátápátá, orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì ló fà á. Ẹ fi dúdú bo nǹkan bí ìlà 8 níbẹ̀ kí ẹ tó yí ìwọ̀n rẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Ìpolówó síríìsì wa gbọ́dọ̀ dúró lóòró fún TikTok. Ṣé a lè gé e láti inú àwòrán 2.39?
Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò ní mọ́ bó ṣe yẹ. Lórí 4K, àwòrán 2.39 ga ní 1608, nítorí náà 9:16 tí ẹ máa gé nínú rẹ̀ kò ní fẹ̀ ju 904 lọ, ẹ ó sì ní láti fà á dé 1080. Bí ẹ bá gé e láti inú 16:9 tí kámẹ́rà yà gan-an, 1215 lẹ máa rí. Nítorí náà, ẹ má pa fáìlì kámẹ́rà rẹ́ lẹ́yìn tí eré bá parí, kí ẹ sì sọ fún ayàwòrán ṣáájú pé ó kéré tán kí ó ya ìran mẹ́ta ní ìpín kọ̀ọ̀kan tí òṣèré kan ṣoṣo á ti wà láàárín àwòrán, tí òkè orí rẹ̀ á sì ní ààyè.